Ẹbọ tí kò ní ẹran nínú: ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó dá ìdíje Bíbélì dúró

Ìjọ kan ní Abẹ́òkúta ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, níbi ìdíje Bíbélì tí wọ́n máa ń ṣe fún àwọn ọmọ Súńdè sùkúù kí ìkórè tó dé. Ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ètò náà ló ní kí n bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ìtàn èdè náà sì wà lára ohun tí mo kà ní yunifásítì. Wọ́n ti gba tiwọn lọ́wọ́ mi. Mo tún un kọ síbí nítorí gbogbo ẹni tó ń fi Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kọ́ ọmọ, torí ó dá mi lójú pé irú rẹ̀ kò mọ sí ìjọ kan. Mi ò ní dárúkọ ìjọ náà, mi ò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe ìdíje náà ni pé àwọn ọmọ ìsìn Gẹ̀ẹ́sì máa ń jókòó sápá kan, àwọn ọmọ ìsìn Yorùbá sápá kejì. Wọ́n á ka ìbéèrè ní Gẹ̀ẹ́sì, ògbufọ̀ á sọ ọ́ ní Yorùbá, ẹni tó bá kọ́kọ́ nawọ́ ni wọ́n á pè. Bíbélì King James ni wọ́n fi ń gbé ìbéèrè kalẹ̀. Ìbéèrè tó dá awuyewuye sílẹ̀ ni pé ẹran wo ni wọ́n fi ń rú “meat offering” nínú ìwé Léfítíkù orí kejì. Brọ̀dá tó kọ àwọn ìbéèrè náà ti kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé tó fún àwọn onídàájọ́: ọ̀dọ́ àgùntàn.

Ọmọkùnrin kan lápá Yorùbá ló kọ́kọ́ nawọ́. Ó dìde, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìyẹ̀fun ni.” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Onídàájọ́ ní kò gbà á, ẹran ni wọ́n béèrè. Wọ́n yí ìbéèrè sí apá kejì, ọmọbìnrin kan ní ọ̀dọ́ àgùntàn ni, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n sì fún un ní máàkì. Ọmọkùnrin yẹn kò jókòó. Ó dúró síbẹ̀, ó ń wo ẹ̀yìn, níbi tí ìyá àgbà rẹ̀ jókòó sí.

Màmá náà dìde. Wọ́n ti dàgbà, ṣùgbọ́n ohùn wọn ṣì ròkè dáadáa. Wọ́n ní, “Tíṣà, ẹ má bínú o. Lánàá lèmi àtọmọ yìí ka ibẹ̀. Ẹbọ ohun jíjẹ ni tèmi pè é. Ẹ wá bá mi fi ẹran hàn mí níbẹ̀.” Wọ́n na Bíbélì wọn síwájú, èyí tí wọ́n ti fi aṣọ rán èèpo rẹ̀.

Brọ̀dá wa kò yájú sí wọn. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kó tó fèsì, ó ní, “Màmá, ẹ ṣeun mà. Gẹ̀ẹ́sì la fi béèrè, ‘meat’ ló sì wà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹran ni ‘meat’ mà.” Ó tún ṣí ìwé Númérì orí 28, ó fi hàn wọ́n pé ọ̀dọ́ àgùntàn méjì ni wọ́n máa ń fi rúbọ lójoojúmọ́ níbẹ̀, “meat offering” sì wà lára ẹbọ náà. Ó dà bí ẹni pé ó jàre. Alága ètò ní kí wọ́n dá máàkì ìbéèrè náà dúró, kí ìdíje máa lọ, kí ìgbìmọ̀ lọ wádìí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ránṣẹ́ pè mí.

Orí ìwé náà fúnra rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ jókòó tì, ṣáájú ìwé atúmọ̀ èyíkéyìí. Ẹsẹ 16 ni Léfítíkù orí kejì ní. Ẹni tó fẹ́ rú ẹbọ yìí yóò gbé ìyẹ̀fun dáradára wá, yóò da òróró sí i, yóò sì fi tùràrí lé e. Àlùfáà á bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú rẹ̀, á sun ún lórí pẹpẹ, ìyókù á sì di ti Áárónì àtàwọn ọmọ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lè yan án nínú ààrò, ó lè ṣe é lórí irin pẹrẹsẹ, ó sì lè dín in. Wọn kò gbọdọ̀ fi ìwúkàrà sí i, wọn kò gbọdọ̀ fi oyin sí i, ṣùgbọ́n iyọ̀ kò gbọdọ̀ wọ́n níbẹ̀. Bó bá jẹ́ àkọ́so oko ni, ṣírí ọkà tútù tí wọ́n fi iná yan ni. Láti ẹsẹ kìíní dé ẹsẹ ìkẹyìn, ẹran kankan kò sí níbẹ̀, kódà adìyẹ.

Ọ̀rọ̀ Númérì 28 náà kò le. Ọ̀dọ́ àgùntàn méjì wà níbẹ̀ lóòótọ́, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan nírọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ẹbọ sísun ni àwọn yẹn. Ìyẹ̀fun tó jẹ́ ìdá mẹ́wàá éfà, tí wọ́n fi òróró pò, ni ìwé náà pè ní “meat offering”, òun ló ń bá ẹbọ sísun rìn. Brọ̀dá wa rí ẹbọ méjì tó jọ wà pa pọ̀, ó mú ẹran inú ọ̀kan fún èkejì. Orúkọ tí wọ́n fún ẹbọ kejì ló tì í débẹ̀.

Kí ló wá mú àwọn atúmọ̀ Bíbélì King James, tó jáde ní ọdún 1611, pe ìyẹ̀fun ní “meat”? Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé oúnjẹ ni wọ́n ń wí. Lẹ́nu wọn, “meat” ṣì gbé ìtumọ̀ tó ti ní láti ayé àwọn baba ńlá wọn dání, ó sì gbé ju ọ̀kan lọ.

Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń sọ ṣáájú 1100 ní ọ̀rọ̀ náà, “mete” ni wọ́n ń kọ ọ́. Ohunkóhun tí èèyàn lè jẹ ni: búrẹ́dì, ẹja, ẹ̀fọ́, wàrà. Bí wọ́n bá fẹ́ dárúkọ ẹran, ọ̀rọ̀ mìíràn ni wọ́n ń lò, èyí tó di “flesh” lónìí. Ẹ̀rí èyí ṣì wà láàyè lọ́dọ̀ àwọn èdè tó bá Gẹ̀ẹ́sì tan. Ará Sweden àti Norway tó bá ní òun fẹ́ jẹ “mat”, oúnjẹ ló ní òun fẹ́ jẹ, ará Iceland ń pè é ní “matur”. Àwọn yẹn kò yí ti wọn padà.

Láàárín 1100 sí 1500 ni ọ̀rọ̀ náà pọ̀ ní ìtumọ̀ jù lọ, ibẹ̀ ló sì dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ìwádìí yìí. Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà ṣe ìwé atúmọ̀ ńlá kan fún Gẹ̀ẹ́sì àkókò yẹn. Ọdún 1952 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ jáde, ọdún 2001 ni wọ́n tó parí rẹ̀, ó sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá wo “mete” níbẹ̀ máa jókòó pẹ́.

Oúnjẹ ni ìtumọ̀ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, àkókò oúnjẹ fúnra rẹ̀ tún ń jẹ́ “mete”: ẹni tó wà nídìí oúnjẹ ni wọ́n máa ń sọ pé ó wà “at mete”. Geoffrey Chaucer, akéwì ará Lọ́ńdọ̀nù tó kú ní 1400, lò ó báyìí nínú Canterbury Tales nígbà tó ń sọ̀rọ̀ olórí àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ kan. Ó ní wọ́n kọ́ obìnrin náà dáadáa “at mete”: òkèlè kì í bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, kì í sì í ki ìka bọ inú ọbẹ̀ jù. Ìyá Yorùbá tó bá ka ibẹ̀ máa mọ irú ọmọ tí wọ́n ń wí. Nínú ìwé kan náà, ó tún sọ ti ọlọ́rọ̀ onílẹ̀ kan tí “bake mete” kì í wọ́n nílé rẹ̀, ìyẹn oúnjẹ tí wọ́n fi ìyẹ̀fun wé tí wọ́n sì yan. Ó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: ẹja àti ẹran. Ọ̀rọ̀ tó lò fún ẹran níbẹ̀ ni “flessh”. “Mete” lórúkọ gbogbo rẹ̀, ẹran sì jẹ́ apá kan péré nínú rẹ̀.

Oúnjẹ ẹran ọ̀sìn náà ń jẹ́ “mete”. Nínú ìwé ìnáwó àwọn ilé ńlá ayé ìgbà yẹn, “hors mete” ni owó koríko àti ọkà tí wọ́n ra fún ẹṣin. Ẹni tó bá fi Gẹ̀ẹ́sì òde òní kà á lè rò pé wọ́n ń pa ẹṣin jẹ nínú ilé náà. “White meat” tún wà. Lónìí, adìyẹ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, nígbà yẹn, wàrà, bọ́tà àti wàràkàṣì ni, pẹ̀lú ẹyin. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún àwọn Kristẹni ìgbà náà, torí pé nígbà ààwẹ̀ Lẹ́ńtì, kì í ṣe ẹran nìkan ni wọ́n ń yẹra fún, wọ́n máa ń fi àwọn “white meat” yìí náà sílẹ̀. Ohun tó wà nínú èèpo ẹ̀pà àti àwọn èso eléèpo líle pẹ̀lú di “meat”, àwọn ará Amẹ́ríkà ṣì ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ dòní.

Kí n tó kúrò níbẹ̀: àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí wọ́n ń kọ bákan náà, tí wọn kò bá èyí tan rárá. Ọ̀kan ni kí èèyàn wọn nǹkan, ọ̀kan ni kí èèyàn pàdé ẹlòmíràn, ọ̀kan sì ni kí èèyàn lá àlá. A mọ irú èyí dáadáa nínú Yorùbá, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ ṣáà wà. Àmì ohùn ló ń gbà wá. Àwọn òǹkàwé Chaucer kò ní irú rẹ̀, ohun tó ṣáájú àti ohun tó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀.

Àárín àkókò yìí kan náà, láti nǹkan bí ọ̀rúndún 14, ni àwọn kan ti ń lo “mete” fún ẹran tí wọ́n ń jẹ nìkan. Ìtumọ̀ kékeré yìí kò lé ti àtijọ́ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n jọ gbé pa pọ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan, títí “food” fi gba iṣẹ́ oúnjẹ ní gbogbo ọ̀nà, tí “flesh” sì fà sẹ́yìn sí ara ohun alààyè. “Deer” tó wá di orúkọ ẹran igbó kan ṣoṣo ti jẹ́ orúkọ gbogbo ẹranko rí, “girl” náà sì ti jẹ́ ọmọdé, ìbáà ṣe ọkùnrin ìbáà ṣe obìnrin. Ìtumọ̀ àtijọ́ kò kú tán síbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ “one man's meat is another man's poison” lẹ́nu àwọn tíṣà yín, oúnjẹ ni wọ́n ń wí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí nígbà tí àwọn atúmọ̀ King James jókòó ti iṣẹ́ wọn. Èdè ìsìn kì í tètè yí padà, wọ́n sì tẹ̀ lé ipa àwọn atúmọ̀ tó ṣáájú wọn, William Tyndale ní pàtàkì, ẹni tó tẹ ìwé márùn-ún àkọ́kọ́ jáde ní Gẹ̀ẹ́sì ní 1530. Mo kó àwọn ẹsẹ kan jọ fún ìgbìmọ̀ láti inú Bíbélì King James kan náà. Nínú Gẹ́nẹ́sísì 1:29, ewéko tó ń so èso ni Ọlọ́run fún èèyàn fún “meat”. Nínú Mátíù 3:4, “meat” Jòhánù ni eṣú àti oyin ìgàn. Lúùkù 24 ní méjì: ní Émáúsì, Jésù jókòó “at meat”, búrẹ́dì ló sì mú, nígbà tó tún yá, ó béèrè “meat” lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn, ẹja yíyan àti afárá oyin ni wọ́n fún un. Onísáàmù ní ẹsẹ 3 orí 42 sọ pé omijé òun ni “meat” òun tọ̀sán-tòru. Ta ló ń fi omijé se ẹran?

Ẹsẹ tó pa ẹnu gbogbo wa mọ́ ni 1 Kọ́ríńtì 8:13. Níbẹ̀, Pọ́ọ̀lù sọ pé bí “meat” bá mú arákùnrin òun kọsẹ̀, òun kò ní jẹ “flesh” mọ́ láé. Ọ̀rọ̀ méjèèjì wà nínú gbólóhùn kan. Bí wọ́n bá jẹ́ ọ̀kan náà lójú àwọn atúmọ̀, wọn kì bá tí yà wọ́n. Bíbélì Yorùbá yà wọ́n bákan náà: onjẹ lákọ̀ọ́kọ́, ẹran lẹ́ẹ̀kejì. Mo ní kí Brọ̀dá wa fúnra rẹ̀ ka méjèèjì sókè. Ó kà á, ó dákẹ́, ó tún un kà.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ Bíbélì tí màmá náà gbé dání, torí òun ni ọmọ náà gbára lé. Samuel Àjàyí Crowther àtàwọn tó bá a ṣe é, Thomas King wà lára wọn, ló fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Ìwé Róòmù jáde ní 1850, odindi Bíbélì sì parí ní àwọn ọdún 1880. Abẹ́òkúta yìí kan náà ni Crowther dé ní 1846, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà sì ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà ayé wọn, ẹran ni “meat” ti ń jẹ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ òyìnbó. Ká ní ojú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n wò, ẹbọ ẹran ni à bá máa kà dòní. Ẹbọ ohun jíjẹ ni wọ́n kọ. Ọ̀rọ̀ Hébérù tó wà nídìí rẹ̀, ìyẹn “minchah”, ẹ̀bùn tí èèyàn gbé wá fún ẹni tó ga jù ú lọ ni, nínú Léfítíkù ẹ̀bùn ìyẹ̀fun ni. Wọ́n wo ohun tó wà nínú àwo kí wọ́n tó fún un lórúkọ. Orí mi wú nígbà tí mo rí i, mo sì sọ fún ìgbìmọ̀ pé bí àwọn ọmọ wa ṣe ń ti Bíbélì Yorùbá sẹ́yìn bí ìwé àwọn arúgbó, ohun tí wọ́n ń pàdánù ju bí wọ́n ṣe rò lọ.

Mi ò fara mọ́ àwọn tó fẹ́ dẹ́bi fún Brọ̀dá náà. Láti kíláàsì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ gbogbo wa pé “meat” ni ẹran, Yorùbá wa sì tún ń pe èyí tó wà láàyè àti èyí tó wà nínú ìkòkò ní ẹran. Ẹni tó gbọ́ “meat offering” tí kò ronú kan ẹranko, ó ṣọ̀wọ́n. Àwọn òyìnbó náà rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn ti ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Revised Version ti ọdún 1885 yí i padà sí “meal offering”, Revised Standard Version ti 1952 pè é ní “cereal offering”, New King James ti 1982 sì kọ “grain offering”. Bó bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìbéèrè yẹn kì bá tí wáyé.

Bàbá kan nínú ìgbìmọ̀ takò mí. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì la fi béèrè, Gẹ̀ẹ́sì ló yẹ ká fi dájọ́, ká má fi Bíbélì Yorùbá yẹ ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì wò. Mo ní, “Bàbá, òótọ́ lẹ sọ, Gẹ̀ẹ́sì ọdún 1611 la fi béèrè sà, òun náà la fi ń dájọ́.” Wọ́n rò ó, wọ́n ní kí n fi Kọ́ríńtì yẹn hàn wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n gbà níkẹyìn, àmọ́ wọ́n ní kí ọmọbìnrin tó dáhùn ọ̀dọ́ àgùntàn má pàdánù nítorí àṣìṣe àgbà. Lórí èyí, ohùn wọn kò ṣọ̀kan. Èmi fẹ́ kí wọ́n fi máàkì rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Àwọn tó pọ̀ jù ní kí wọ́n gbà á, kí wọ́n bi í ní ìbéèrè mìíràn dípò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe. Wọ́n fún ọmọkùnrin náà ní máàkì rẹ̀ ní kíkún, wọ́n kéde rẹ̀ létí ìjọ, wọ́n sì ka ìdí rẹ̀ ní èdè méjèèjì.

Brọ̀dá wa ló bẹ̀bẹ̀ fúnra rẹ̀ pé kí á jọ yẹ ìbéèrè tó kù fún ìpele tó kàn wò. A rí òmíràn níbẹ̀. Nínú Máàkù 2:23, àwọn ọmọ ẹ̀yìn ń ya “ears of corn” lójú ọ̀nà, wọ́n sì ti ya àwòrán àgbàdo sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbéèrè náà fún àwọn ọmọ kéékèèké. Gbogbo ọkà ni “corn” nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà yẹn, àlìkámà àti ọkà báálì ni ti ilẹ̀ Júdà. Amẹ́ríkà ni àgbàdo ti wá, kò sì sọdá òkun kí Columbus tó débẹ̀ ní 1492. Ọkà ni Bíbélì Yorùbá pè é. Wọ́n yọ àwòrán náà kúrò, wọ́n fi ti àlìkámà sí i.